Mí Bí Ẹni Tó Ń Fẹ́ná

Ìtàn kan wà tí gbogbo ará agboolé wa lè sọ, tí èmi nìkan kò lè sọ, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá mi lè sọ ọ́. Àbúrò mi lè sọ ọ́. Obìnrin tó ń ta iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, tó kàn ń kọjá lọ lọ́jọ́ náà, lè sọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé lọ́dọọdún ló ń fi nǹkan kún un. Èmi kò rí i. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé mo jókòó ti ìkòkò òrí, mo ń wo bí epo ṣe ń léfòó, lẹ́yìn náà mo rí ojú ọ̀run, mo sì tọ́ erùpẹ̀ wò lẹ́nu ara mi. Láàárín méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Kò tilẹ̀ ṣókùnkùn. Ó dà bí ìgbà tí okùn já, tí ẹnì kan sọ ọ́ padà, tó wá kúrú.

Ṣakí ni mo dàgbà sí, nínú agboolé tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe òrí tà. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ òrí lè rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ iná ni. A ó ṣa èso rẹ̀ lóko lásìkò òjò, a ó sè é, a ó sá a, a ó pa á, a ó yan án, a ó gún un, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi omi pò ó títí apá á fi kú, lẹ́yìn náà a ó tún gbé e kaná kí epo tó jáde. Bí èèyàn bá fẹ́ dá ọmọ agboolé wa mọ̀ láàárín ọjà, aṣọ rẹ̀ ni kó gbóòórùn: èéfín ni. Èmi nìkan ni aṣọ mi kì í rùn èéfín.

Ọjọ́ tí mo ṣubú sẹ́bàá ìkòkò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti tó ọmọ tí ń ru omi nígbà náà, n kò tíì tó ẹni tí ń so tòbí. Apá mi òsì kan iná. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, ó ń dán bí inú abọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò jẹ́ kí n sún mọ́ ààrò mọ́, kò jẹ́ kí n yọjú sí kànga, kò sì jẹ́ kí n gun igi.

Wọn kì í pe àìsàn náà lórúkọ nílé wa. Àlejò ni wọ́n ń pè é. Bí àbúrò mi bá ti ké pé àlejò ti dé, àwọn èèyàn á fọ́n ká bí adìẹ tó rí àṣá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Wọ́n gbà pé ìfòfó tó ń yọ lẹ́nu oníwárápá, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti kó o nìyẹn. Ìyá mi nìkan ni kì í sá. Òun ló ń gbé orí mi lé itan, òun náà ló ń bu erùpẹ̀ bo ojú ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ní abọ́ tèmi, abọ́ tánganran tí etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, mo sì ní ife tèmi. Wọn kì í fọ̀ wọ́n mọ́ tàwọn yòókù.

Láràárọ̀, bí ìyá mi bá ti kírun tán, á bu òrí sọ́wọ́, á fi pa mí ní àwùjẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tuntun. Ó gbà pé orí tó gbóná ló ń ṣe mí, pé bí òrí bá ń wọ̀ ọ́ dáadáa, á tutù lọ́jọ́ kan. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìyá ẹni bá ń fi ọwọ́ tútù kan ni lórí láràárọ̀ láti kékeré, kò sí bí èèyàn kò ṣe ní gbà.

Nígbà tí mo bàlágà, wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, nítorí pé ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kò ní iná nínú. Ibẹ̀ ni tíṣà kan ti rí mi. Ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá mi. Ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ pọ̀, tíṣà wọ́n. Ṣòkòtò kan tí orúnkún rẹ̀ ya ló kọ́kọ́ gbé wá. Lẹ́yìn náà ó gbé òmíràn wá tí kò ya rárá. Ọ̀gá mi wo ṣòkòtò náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Tíṣà, ibo ló ti ya?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín ná, á ya."

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn rẹ̀ ránṣẹ́ wá ṣe ìwádìí, nítorí kò sí ìdílé tó fẹ́ gbé ìyàwó tí kì í kọ́kọ́ bèèrè: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí wárápá. Obìnrin méjì ló wá, wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra òrí. Wọ́n ra òrí, wọ́n jókòó, wọ́n yí ọ̀rọ̀ sápá ọ̀tún, wọ́n yí i sápá òsì, wọ́n wá bi í. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, òun ni olórí àwọn obìnrin agboolé, òun ló dá wọn lóhùn. Ó ní ara ọmọ àwọn le koko. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, àwọn náà ní ara mi le koko. Kódà obìnrin oníyọ̀ yẹn pa ẹnu mọ́, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn láyé rẹ̀. Wọ́n fi ìdána sẹ́yìn Iléyá.

Inú gbogbo ilé dùn. Èmi náà fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ bí mo bá jókòó nídìí ẹ̀rọ, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kan, àlejò á bá mi nílé ọkọ, níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, níbi tí mo ti gbọ́dọ̀ dáná fún ọkọ àti ìyá ọkọ. Gbogbo wọn á sá. Taa ni yóò gbé orí mi lé itan?

Iléyá kò jìnnà mọ́ nígbà tí Lèmọ́mù wa dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó ní òun ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Dókítà kan ti ti Ìbàdàn dé sílé ìwòsàn ìlú wa. Kì í ṣe dókítà tó kàn ń fúnni ní oògùn. Ìwádìí ló ń ṣe kiri ìlú Òkè-Ògùn lórí wárápá, ó sì gbé ẹ̀rọ kan dání tó ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, kó mú un lọ, ọ̀fẹ́ ni. Lèmọ́mù pe wárápá lórúkọ, ketekete, nínú ọgbà mọ́sáláṣí. Wọ́n ní ńṣe ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ìyá mi gbọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tú irun mi, ó tún un dì ní ṣùkú tuntun, irú èyí tí wọ́n ń dì ròde. Ó bu òrí tó dára jù nínú igbá, èyí tó funfun tí kò lábàwọ́n, ó fi ra gbogbo orí mi títí ó fi ń dán. Ó ní wọn kì í gbé orí lọ síwájú ẹni ńlá láìtọ́jú rẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ.

Láńdiròfà kan ló dúró níwájú yàrá tí wọ́n fún dókítà, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń ké lẹ́yìn ilé. Ọmọ Èkìtì ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ fi í hàn kó tó sọ ọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ dà bí àpótí aṣọ, kálàmù tò sórí rẹ̀ bí ìka ọwọ́, ìwé gígùn kan sì ń gba abẹ́ wọn kọjá. Wáyà kéékèèké ló ń ti ibẹ̀ wá sí orí èèyàn. Ó fi ìdí òòyà ya irun mi láàárín, ó bu nǹkan kan bí àtè sí wáyà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórí. Wáyà náà yọ̀, ó já bọ́ sí èjìká mi. Ó tún lẹ̀ ẹ́. Ó tún yọ̀. Ó fi ìka kan mi lórí, ó gbé e símú, ó wo ìyá mi.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ dín orí ọmọ yìí ni?"

Ìyá mi ní, "Kó lè tutù ni, dókítà."

Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ ni ẹ̀rín fi kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òrí kò burú, pé ìyá òun náà ń fi pa òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àmọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ kéré púpọ̀, ó kéré ju ìrìn èèrà lọ. Bí ọ̀rá bá wà láàárín, wáyà kò ní gbọ́. Ó ní kí wọ́n tú irun náà pátápátá, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i, kí n sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Ìsẹ́yìn ni òun ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé obìnrin kì í tú irun sílẹ̀ jáde lọ́sàn-án gangan. Bó bá tú u láti dì í, ìdí ààrò ẹ̀yìnkùlé ni yóò jókòó sí títí wọ́n á fi dì í tán. Èyí tó bá tú irun ká tó ń rìn láàárín ìlú, opó ni, tàbí kí nǹkan ti dàrú fún un. Èmi tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà ni wọ́n fẹ́ kí n tú irun.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń fi òkúta pa èso òrí, nígbà tí ìyá mi kúnlẹ̀ ro ẹjọ́ náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó pa méjì sí i.

Ó ní, "Ìyàwó, taa ló kú?"

Ìyá mi ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Ó dáa. Ọkọ wo ni ọmọ wá ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀? Èyí tí a kò tíì gbé e fún? Ṣé àwa la ó kọ́kọ́ ṣe tákàbà àfẹ́sọ́nà ní Ṣakí ni?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn. Ẹnì kan ní kí wọ́n da ìborùn bò ó. Òmíràn ní ìborùn kò ní ẹ̀ṣọ́, atẹ́gùn lè ṣí i nígbàkigbà. Ẹnì kan ní bí ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kan bá rí i, ìdána ti parí nìyẹn, kí wọ́n dúró dìgbà tí mo bá délé ọkọ. Ìyá mi kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ agboolé náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó já Ìyá Àgbà ní koro rí.

Ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí. Bó bá délé ọkọ tó ṣubú sínú iná, irun dídì kọ́ ni wọ́n máa fi gbé e wá fún wa."

Ìyá Àgbà tún gbé òkúta rẹ̀. Ó ń pa èso rẹ̀ lọ. Nígbà tí inú igbá kún, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó dìde, ó ní irun náà kò gbọdọ̀ rí ojú títì. Ilé ìwòsàn la ó ti tú u, ibẹ̀ la ó ti fọ̀ ọ́, ibẹ̀ la ó sì ti dì í kí n tó jáde. Òun náà ń bá wa lọ, nítorí pé, lójú tirẹ̀, ìyá mi kò mọ irun dì dáadáa.

Bí a ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn, àwa mẹ́ta, pẹ̀lú bàsíà omi, ọṣẹ dúdú àti òòyà onígi. Wọ́n fọ̀ mí lórí títí omi fi kúrò ní funfun. Òrí ọdún gbọọrọ ló ń wálẹ̀. Ìyá mi ń wo omi náà bó ṣe ń ṣàn lọ sídìí igi. Irun mi gbẹ, ó dìde dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Orí mi fúyẹ́ lọ́nà tó bà mí lẹ́rù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife mi sẹ́nu láti mu omi nígbà tí obìnrin kan yọ látẹ̀gbẹ́ ilé, tó ru abọ́ èlùbọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ìyá tíṣà mi ni. Ìyá Àgbà já ìborùn èjìká rẹ̀, ó jù ú bò mí lórí, àmọ́ ẹni tó ti rí ti rí.

Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Ìyá Àgbà wá ní, "Ìyá Tíṣà, kòkòrò orí ló ń da ọmọ láàmú, ìdí rẹ̀ la fi ní ká bá a fọ̀ ọ́."

Obìnrin náà ní, "Ẹ wá gbé kòkòrò orí wá sílé ìwòsàn."

Ìyá Àgbà ní, "Ó pọ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo yọ ìborùn náà kúrò lórí, mo kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ tó wà nílẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, wárápá ló ń ṣe mí. Láti kékeré ni."

Ó wò mí. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò, ó tú gèlè, ó tún un wé. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Fún mi lómi yẹn." Kí ìyá mi tó lè sọ pé ife mi ni, ó ti mu èyí tó kù nínú rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Àwọn tí mo rán wá ra òrí padà délé, wọ́n ní ọmọ náà mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, kò rùn èéfín rárá. Mo ní ọmọ tí wọ́n bí sídìí ìkòkò òrí, kí ló gbé e jìnnà sí iná?"

Ó wá sọ fún wa pé ilé bàbá òun náà lé ẹnì kan jìnnà sí iná rí. Àbúrò òun ni. Wọ́n fi í pamọ́ sí yàrá kí ará ìta má baà rí i, gbogbo ilé wá lọ sóko lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ó ti dojú bolẹ̀ níbi tí kò ti sẹ́ni tí yóò yí i padà. Wọ́n sì tún fi ikú náà pamọ́.

Ó ní, "Wọ́n kéde ẹ̀rọ yìí ní mọ́sáláṣí tiwa náà. Mo ní èlùbọ́ ni mo fẹ́ gbé wá fún nọ́ọ̀sì, àmọ́ mo mọ ohun tí mo wá wò. Lánàá, ọjọ́ ti rọ̀ kí n tó dé, n kò bá yín mọ́. Mo ní n ó tún wá lónìí. Bí mo bá bá a níbí, ìyàwó ọmọ mi ni. Bí n kò bá bá a, mo gba ọmọ mi padà. Wárápá kọ́ ni mò ń sá fún. Ilé tó ń fi èèyàn pamọ́ ni."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ sì jẹ́ kí n parọ́ kòkòrò orí tán." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú jáde, ti ìyá mi sì di ẹkún lẹ́sẹ̀ kan náà.

Wọ́n pè mí wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn wáyà dúró. Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ìyá mi jókòó lẹ́sẹ̀ mi, ìyá tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní kí n di ojú, ó ní kí n là á, ó tún ní kí n dì í. Mo ń gbọ́ bí àwọn kálàmù náà ṣe ń ha ìwé, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa mí sínú, kí n máa mí síta, kó jinlẹ̀, kó sì yá.

Ó ní, "Mí bí ẹni tó ń fẹ́ná."

Ẹ̀rín pa mí. Gbogbo kálàmù fò sókè, dókítà ní ẹ̀rín mi ti wọnú ìwé, pé kí n ṣe jẹ́jẹ́. Mo ní, "Dókítà, wọn kì í jẹ́ kí n fẹ́ná."

Ó ní, "Fẹ́ èyí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Mo rí ààrò ilé wa lójú inú mi, mo rí igi tó ń yọ èéfín tí kò fẹ́ gbiná. Mo fẹ́ ẹ títí ìka ọwọ́ mi fi ń ṣe mí yìnnìyìnnì. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí dókítà ń sọ pé ó tó, ó tó. Ìwé ti gùn sílẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rò pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá tíṣà ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ojú mi là, àmọ́ mi ò sí nínú rẹ̀. Ó ní mo dákẹ́, kálàmù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ń lọ sókè sódò pa pọ̀, lẹ́yìn náà mo padà dé, àwọn kálàmù sì túká. Kò fi nǹkan kan kún un. Nínú gbogbo ẹni tó ti sọ ìtàn mi fún mi láyé, òun nìkan ni mo gbà gbọ́ títí dòní.

Dókítà tẹ́ ìwé náà sórí itan mi. Èmi aránṣọ, bí ẹni ń wo ojú ìránṣọ ni mo ṣe wò ó. Níbi kan, àwọn ìlà náà rí wúruwùru, ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń gbọ̀n, òmíràn ń fà. Níbi kejì, gbogbo wọn gún régé: òkè ṣóńṣó, kòtò, òkè ṣóńṣó, kòtò, ní ìdọ́gba, bí iṣẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Ó lẹ́wà. Mo fi ìka sí ibi tó lẹ́wà náà, mo ní, "Ṣé ibí ni ara mi ti yá?"

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni àìsàn wà.

Ó wá bi ìyá mi léèrè ibi tó ti ń ta òrí rẹ̀. Ìyá mi ní ọjà Ìwéré-Ilé ni. Ó ní, "Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́nà tí ẹ kò tíì dé ọjà, kí lẹ ń gbọ́?" Ìyá mi ní ariwo ni, hùùù, bí oyin. Ó ní ṣé ìyá mi lè gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ níbẹ̀. Ìyá mi ní rárá, kálukú ló ń sọ tirẹ̀. Dókítà ní bí orí tó yá ṣe rí nìyẹn: kálukú ń ná ọjà tirẹ̀, ẹnì kan ń pe èèyàn, ẹnì kan ń ka ẹyọ iṣu, ẹnì kan ń já owó sílẹ̀, ariwo náà kò sì dọ́gba láé.

Ó ní, "Àmọ́ bí ẹ bá ṣàdédé gbọ́ tí gbogbo ọjà pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún ké e, tí wọ́n tún ké e, ńkọ́?"

Ìyá mi ní, "A jẹ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. N kò ní wọlé."

Ó ní ohun tó ń ṣe mí nìyẹn. Kò sí ẹ̀mí kan níbẹ̀, kò sí ooru kan níbẹ̀. Ọjà tó ń pariwo pọ̀ ni, wọn kò lè tà, wọn kò lè rà, títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n. Ìfòfó ẹnu mi kò lè ran ẹnikẹ́ni, itọ́ lásán ni. Oògùn wà tó lè mú kí àwọn ará ọjà náà má tètè gba ariwo lẹ́nu ara wọn. Ìyá Àgbà tó ti rọra wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é wá béèrè ohun tí gbogbo wa fẹ́ béèrè: taa ló kọ́kọ́ ké nínú ọjà náà?

Dókítà ká ìwé rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń wá kiri nìyẹn, láti ìlú dé ìlú. Òun kò tíì rí i.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ onímọ̀ pàdé lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ti tọ́jú mi ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ ké. Òmíràn tilẹ̀ mọ ilé rẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní láti dì mí nírun. Ìyá Àgbà mú apá ọ̀tún, ìyá tíṣà mú apá òsì, wọ́n kò sì fẹnu kò sí ohun tí wọn ń dì. Ìyá Àgbà ń dì í le, ó ní irun Ṣakí kì í tú lọ́nà. Ìyá tíṣà ń rọra dì í, ó ní orí tí wáyà ti ń fà láti àárọ̀ yẹ kó sinmi. Ìyá mi kàn mú òòyà lọ́wọ́ fún wọn. Mo jáde sójú títì pẹ̀lú orí tí ọ̀tún rẹ̀ kò mọ òsì, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kú.

Àlejò kò lọ pátápátá. Mo ń lo oògùn náà lálaalẹ́, nínú oṣù Ramadan mo ń lò ó pẹ̀lú sààrì, ó sì di ohun tó ń yà lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ìbátan tó jìnnà. Ìyá mi kò fi òrí sílẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìpara ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo máa ń lọ sí ọjà Ìwéré-Ilé títí dòní, mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó wọ ibẹ̀, kí n gbọ́ ọ bó ṣe ń hó láìdọ́gba. Ara á tù mí, n ó wá wọlé.

A ṣe ìdána lẹ́yìn Iléyá, wọ́n sì gbé mi lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí nílé ọkọ, mo bá ìyá ọkọ mi nídìí ààrò. Ó ti to igi sábẹ́ ìkòkò, ó ti fi ẹ̀ṣẹ́ iná sí i, èéfín ń rú, kò tíì gbiná. Ó fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká rẹ̀ fi kan tèmi. Ó ní kí n fẹ́ ẹ.

Mo tẹrí ba. Mo fa èémí sínú gan-an, mo fẹ́ ẹ, mo tún fà á, mo tún fẹ́ ẹ. Eérú bò wá lójú.

Ó fi ọwọ́ kan mi léjìká. Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi. A kò pe dókítà síbí."

Mo fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ó gbiná. Nígbà tí ọkọ mi jí tó wá kí wa, ó ní aṣọ mi ń rùn èéfín.